Oníbàárà ò sanwó: ìlú Áfíríkà wo ni ẹjọ́ ẹ̀ ti ń jẹ owó jù?

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà yín tó wọlé lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, gbèsè ni gbogbo ẹ̀ ń sọ, gbèsè oníbàárà tó wà lẹ́yìn bọ́dà, tó gba ọjà tán tó wá ń wá àléébù sí i. Mo ti ṣa díẹ̀ nínú ẹ̀, mo gé àwọn tó gùn kúrú, mo sì yọ orúkọ yín kúrò kí onígbèsè má baà mọ̀ pé òun lẹ ń sọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Unifọ́ọ̀mù òtẹ́ẹ̀lì ni mo máa ń rán. Àwọn kan ní Kigali fẹ́ gbé iṣẹ́ wá, àwọn kan ní Accra náà ń bá mi sọ̀rọ̀, mi ò sì lè ṣe méjèèjì pa pọ̀. Àbúrò mi tó wà ní báńkì wá fi àwòrán kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé téèyàn bá pe oníbàárà lẹ́jọ́ ní Rùwáńdà, ẹjọ́ yẹn máa jẹ 82.7% nínú owó tí wọ́n jẹ ẹ́, pé ní Gánà 23% péré ni. Ó ní kí n má wulẹ̀ dá àwọn ará Kigali lóhùn. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn? — Aránṣọ

ÌDÁHÙN: Ẹ̀yin ìyá wa, àbúrò yín ò parọ́, nọ́ńbà yẹn wà bẹ́ẹ̀. Inú ìwé kan tí Báńkì Àgbáyé máa ń ṣe nígbà kan ló ti wá, Doing Business ni wọ́n ń pè é, ti 2020 sì ni wọ́n fi ṣe àwòrán tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Àmọ́ ẹni tó ya àwòrán yẹn sọ ìdajì, ó fi ìdajì pamọ́. Ìwé kan náà yẹn ló sọ pé láti ọjọ́ téèyàn bá gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù títí owó fi máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọjọ́ 230 ni ní Rùwáńdà, ọjọ́ 710 ni ní Gánà, ìyẹn ọdún méjì ó ku ogúnjọ́. Nígbà tí wọ́n wá to àwọn orílẹ̀-èdè ayé lórí bí kóòtù wọn ṣe ń mú àdéhùn òwò ṣẹ nìkan, ipò 32 ni wọ́n fi Rùwáńdà sí, Gánà wà ní 117, Nàìjíríà tiwa wà ní 73. Ṣé ẹ rí i pé àwọn tó ṣe ìṣirò yẹn gan-an ò sọ pé kẹ́ ẹ sá fún Kigali.

Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ bi àbúrò yín ni pé, 82.7% nínú èló? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àwọn Báńkì Àgbáyé ò lọ kó ẹjọ́ gidi jọ láti kóòtù kọ̀ọ̀kan o. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ọkàn rò, wọ́n wá ń bi àwọn lọ́yà àtàwọn adájọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan pé tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ló ti ṣẹlẹ̀, èló ló máa náni, ọjọ́ mélòó ló sì máa gbà. Ẹjọ́ ọ̀hún jọ iṣẹ́ yín gan-an: ẹnì kan ṣe ọjà bí oníbàárà ṣe ní kó ṣe é, kò lè rí i tà fún ẹlòmíì mọ́, oníbàárà gba ọjà tán ó ní kò dáa tó, kò sì sanwó. Ní ti iye gbèsè yẹn, wọ́n ní kó jẹ́ ìlọ́po méjì owó tó ń wọlé fẹ́nì kọ̀ọ̀kan lọ́dún nílùú yẹn, àmọ́ tí ìyẹn ò bá tó dọ́là 5,000, kí wọ́n kà á sí 5,000.

Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀. Owó tó ń wọlé fẹ́nì kọ̀ọ̀kan ní Rùwáńdà kéré, ìlọ́po méjì ẹ̀ ò sún mọ́ 5,000 rárá, torí náà 5,000 ni wọ́n lò, 82.7% ẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 4,135. Ẹ jẹ́ ká wá lọ sí Mauritius tí gbogbo èèyàn ń yìn, ipò 20 láyé, 25% péré ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀. Owó tó ń wọlé fẹ́nì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ nígbà yẹn ju dọ́là 10,000 lọ, gbèsè tí wọ́n fi ṣírò tiwọn wá ju 20,000 lọ, ìdá mẹ́rin ẹ̀ sì ju 5,000 lọ. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Owó tó jáde lápò ní Mauritius ju ti Rùwáńdà lọ. Ìlú tí àwòrán WhatsApp ní ó wọ́n bí ojú yẹn, ẹjọ́ ibẹ̀ ò wọ́n tó ti Mauritius, ó kàn jẹ́ pé gbèsè tí wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀ kéré ni.

Ìdí ẹ̀ ò sì jìnnà. Lọ́yà ò ní gba owó díẹ̀ torí pé gbèsè yín kéré. Ìwé ìpẹ̀jọ́ tó máa kọ, ìjókòó kóòtù tó máa lọ, ẹlẹ́rìí tó máa múra sílẹ̀, bákan náà ni gbogbo ẹ̀ máa ń rí bóyá dọ́là 5,000 ni wọ́n jẹ yín tàbí 25,000. Torí náà tí iṣẹ́ Kigali yẹn bá jẹ́ ti dọ́là 50,000, ẹ má rò pé 41,350 lẹ máa ná sórí ẹjọ́, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Tó bá sì jẹ́ dọ́là 1,500 ni, ẹ má fi kóòtù ńlá sọ́kàn níbikíbi, yálà ní Kigali, ní Accra tàbí nílé níbí.

23% ti Gánà náà, ẹ má jẹ́ kó dùn mọ́ yín jù. Owó tí ọjọ́ 710 yẹn máa jẹ ò sí nínú ẹ̀. Ẹ rántí ìparí ọdún 2022, àwọn tó ń ka owó ọjà ní Gánà fúnra wọn ló kéde pé ní December ọdún yẹn ọjà ti gbówó lórí pẹ̀lú 54.1% sí ti ọdún tó ṣáájú ẹ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ ní cedi, tí ẹjọ́ ẹ̀ wà ní kóòtù ní gbogbo àsìkò yẹn, tí adájọ́ wá dá a láre tí wọ́n kà á lé e lọ́wọ́ pé pérépéré, ṣé owó ẹ̀ náà ló gbà yẹn? Àfi tí kóòtù bá fi èlé gidi lé e. Ìwé yẹn ò ka ìyẹn mọ́ iye tí ẹjọ́ náni, ó kàn kọ ọjọ́ sí ọwọ̀n kan, owó sí ọwọ̀n kejì, ó ku ẹni tó máa fi méjèèjì pọ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, Gánà ò burú tó bí ọjọ́ 710 ṣe mú u dà bí i pé ó burú. Wọ́n ní kóòtù okòwò ní Accra láti 2005, dandan sì ni níbẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti bá tọ̀tún tòsì parí ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ẹjọ́, ọ̀pọ̀ ló sì ń parí síbẹ̀. Rùwáńdà náà ní kóòtù okòwò tiwọn láti 2008, láti 2016 sì ni wọ́n ti ń lo íntánẹ́ẹ̀tì láti fi forúkọ ẹjọ́ sílẹ̀, ẹ lè wà nílé kẹ́ ẹ máa wo ibi tí ẹjọ́ yín dé.

Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń rán aṣọ yẹn, èyí tí iṣẹ́ ẹ̀ bá tóbi jù tó sì gbà láti san owó sílẹ̀ dáadáa ni mo máa mú, mi ò ní tìtorí 82.7% sọ Kigali nù. Ẹ sọ fún àbúrò yín pé mo kí i.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé rìbá wà nínú owó tí wọ́n kà yẹn? — Ẹni tójú ẹ̀ ti rí i

ÌDÁHÙN: Rárá o. Owó mẹ́ta péré ni wọ́n kà, owó lọ́yà, owó kóòtù (tó fi mọ́ owó ẹni tó mọ̀ nípa ọjà tí kóòtù máa pè kó wá yẹ̀ ẹ́ wò), àti owó mímú ìdájọ́ ṣẹ, ìyẹn ti akọ́dà kóòtù tó máa lọ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù onígbèsè tí wọ́n á fi tà á. Owó tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ yọ lápò ara yín ni wọ́n ń kà, bí kóòtù bá tiẹ̀ ní kí onígbèsè dá díẹ̀ padà fún yín nígbẹ̀yìn.

Ohun míì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ nípa ẹ̀: ẹjọ́ tí wọ́n fi ọkàn rò yẹn, ìlú kan náà ni olùtà àti oníbàárà wà. Kò sí bọ́dà láàárín wọn. Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tajà láti ìlú kan sí òmíì, owó ọkọ̀ òfúrufú, owó òtẹ́ẹ̀lì, owó ògbufọ̀, owó títúmọ̀ íńfọ́ìsì sí Faransé, àti ṣọ́ọ̀bù tẹ́ ẹ tì sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ jẹ́rìí, orí nọ́ńbà yẹn lẹ máa kó gbogbo ẹ̀ lé.

ÌBÉÈRÈ: Páálí ìdìjà ni mò ń tẹ̀ ní Èkó. Oníbàárà mi kan ní Kútọnu jẹ mí ní mílíọ̀nù mẹ́ta CFA, ọjà ti dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ tipẹ́, ó wá ní àwọ̀ tó wà lára páálí ò bá èyí tí òun fẹ́ mu. Lọ́yà mi ní ká pè é lẹ́jọ́ níbí. Ẹ̀gbọ́n mi kan ní kí n lọ sí Abidjan torí kóòtù kan wà níbẹ̀ tó ju ti Kútọnu lọ. Orí mi ti dàrú. — Atẹ̀wé

ÌDÁHÙN: Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wọnú ara wọn níbẹ̀.

Ti lọ́yà yín àkọ́kọ́. Ẹ lè pè é lẹ́jọ́ ní Èkó, ẹ tiẹ̀ lè jàre ẹ̀, àmọ́ níbo ni ẹrù ẹ̀ wà? Tó bá jẹ́ Kútọnu ni gbogbo ohun ìní ẹ̀ wà, ìwé ìdájọ́ Èkó ò lè dá akọ́dà kankan níbẹ̀ dìde, ẹ máa kọ́kọ́ gbé ìdájọ́ yẹn lọ sí kóòtù orílẹ̀-èdè Benin kí wọ́n gbà kó ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ìyẹn sì jẹ́ ẹjọ́ kejì pẹ̀lú lọ́yà kejì. Ẹ ò tíì gba kọ́bọ̀ nígbà yẹn o.

Ti ẹ̀gbọ́n yín, ó gbọ́ ohun kan tó jẹ́ òótọ́ àmọ́ kò gbọ́ ọ tán. Àwọn orílẹ̀-èdè 17, tí púpọ̀ nínú wọn ń sọ Faransé, ló wà nínú ẹgbẹ́ òfin okòwò tí wọ́n ń pè ní OHADA, àdéhùn tí wọ́n fi dá a sílẹ̀ jẹ́ ti 1993. Benin wà níbẹ̀, Tógò, Ivory Coast, Burkina Faso, Senegal, Cameroon, DR Congo náà wà níbẹ̀. Òfin okòwò kan náà ni gbogbo wọn ń lò, tó fi mọ́ òfin bí wọ́n ṣe ń gba gbèsè, kóòtù tó ga jù lórí àwọn òfin yẹn sì wà ní Abidjan lóòótọ́. Àmọ́ ibi téèyàn ń gbé ẹjọ́ lọ nígbẹ̀yìn nìyẹn, tó bá ti kúrò ní kóòtù tìlú. Ẹ ò lè tìdí mílíọ̀nù mẹ́ta CFA kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ sọ ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu. Òfin kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà, àmọ́ ẹ wo iye tí Doing Business 2020 kọ síwájú wọn: Ivory Coast 41.7% àti ọjọ́ 525, Benin 64.7% àti ọjọ́ 750, Burkina Faso 81.7% àmọ́ ọjọ́ 446 péré. Àwọn tó máa ń sọ pé tí a bá ti ní òfin tó dáa gbogbo nǹkan máa tò, kí wọ́n wá wo ìyẹn. Òfin jẹ́ ti gbogbo wọn lápapọ̀, àmọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń dá iye tí lọ́yà ń gbà mọ̀, òun ló ń pinnu owó ìforúkọsílẹ̀ ẹjọ́, òun ló sì mọ bí adájọ́ ẹ̀ ṣe pọ̀ tó àti ìgbà mélòó tí wọ́n máa sún ẹjọ́ síwájú. Èmi ò rò pé òfin tuntun ló ń ṣe wá níyà lápá ibí yìí, akọ̀wé kóòtù àti ọjọ́ ìsúnsíwájú ni.

Ó wá ku owó yín. Mílíọ̀nù mẹ́ta CFA, tá a bá fojú bù ú, ó jẹ́ bíi dọ́là 5,000, tó túmọ̀ sí pé iye yẹn gan-an ni àwọn Báńkì Àgbáyé fi ṣírò ti Benin. 64.7% ẹ̀ jẹ́ CFA 1,941,000. Tẹ́ ẹ bá wá jàre, tí kò sì sẹ́ni tó dá owó ẹjọ́ yín padà, mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ ló máa kù sí yín lọ́wọ́ lẹ́yìn ọdún méjì. Torí náà tí ọkùnrin yẹn bá ní òun máa san mílíọ̀nù méjì lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbà á, ẹ má bínú, ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Tí kò bá gbà, ọ̀nà kan wà nínú òfin OHADA tó rọrùn ju ẹjọ́ ńlá lọ, injonction de payer ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ẹ máa kó ìwé yín lọ bá adájọ́, ó lè pàṣẹ pé kí onígbèsè sanwó láìtíì pè é sí ìjókòó kankan, ó wá kù sí onígbèsè lọ́wọ́ láti wá takò ó láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí òfin fún un. Wọ́n ti tún òfin yẹn ṣe ní 2023, tuntun ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní February 2024, torí náà lọ́yà tó bá ń ka ti àtijọ́ fún yín, ẹ yẹra fún un. Àmọ́ gbèsè tó dájú, tí iye ẹ̀ dájú, tí ọjọ́ ẹ̀ ti pé ni ọ̀nà yẹn wà fún. Ẹni tó bá lè jáde wá pé àwọ̀ páálí ò dáa, ó lè sọ ọ́ di ẹjọ́ gidi padà. Ẹ wo inú fóònù yín dáadáa: ṣé kò sí ibi tó ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé "mo máa san lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀"? Ṣé kò fọwọ́ sí ìwé nígbà tó gba ọjà? Ẹ tẹ gbogbo ẹ̀ jáde. Ìwé tí kò ní jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ àwọ̀ mọ́ lẹ ń wá.

ÌBÉÈRÈ: Èkó ni èmi àtẹni tó jẹ mí wà, kò sí bọ́dà láàárín wa. ₦1.8 mílíọ̀nù ni. Mo kà á pé ní Nàìjíríà ọjọ́ 399 ló ń gbà, 38.9% ló sì ń jẹ. Ìyẹn á lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ó dín ọgọ́rùn-ún. Ṣé kí n gbàgbé owó yẹn ni? — Ó ti sú mi

ÌDÁHÙN: Ẹ má gbàgbé nǹkan kan jàre. Nọ́ńbà tẹ́ ẹ kà yẹn, Èkó àti Kánò ni wọ́n pò pọ̀, ẹjọ́ tó lọ sí kóòtù ńlá pẹ̀lú lọ́yà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Tiyín ò ní ohun tó ń wá débẹ̀. Láti 2018 ni Èkó ti ní kóòtù gbèsè kékeré, lọ́dọ̀ àwọn májísíréètì, gbèsè tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Ẹ lè lọ láìmú lọ́yà dání. Ẹ máa kọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí onígbèsè pé kó wá sanwó, fọ́ọ̀mù ẹ̀ wà, tí kò bá sanwó lẹ máa wá forúkọ ẹjọ́ sílẹ̀, ìlànà wọn sì sọ pé láti ọjọ́ ìforúkọsílẹ̀ dé ọjọ́ ìdájọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 60 lọ. Mi ò ní tàn yín, bí kóòtù bá kún ó lè kọjá bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò jọ 399.

Ohun kan ṣá o: gbèsè tí iye ẹ̀ ti dájú ni wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kún un pé ó bà yín lórúkọ jẹ́, pé ó mú kẹ́ ẹ pàdánù oníbàárà míì, ẹ máa gbé ìyẹn lọ síbòmíì.

Torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìlú míì tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, Kẹ́ńyà náà ní irú ẹ̀, òfin ẹ̀ jẹ́ ti 2016, kò gbọ́dọ̀ ju mílíọ̀nù kan ṣílè Kẹ́ńyà lọ, ọjọ́ 60 náà ni wọ́n fi sí i. Ti South Africa ti wà tipẹ́, rand 20,000 ni òpin ẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí lọ́yà ṣojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ ò lè pe èèyàn lẹ́jọ́ níbẹ̀, ẹni tó jẹ́ èèyàn gidi nìkan ló lè pè é. Tẹ́ ẹ bá fi kóòtù ńlá South Africa wé e, tí wọ́n kọ 33.2% àti ọjọ́ 600 sí, ẹ máa rí i pé ìlú kan náà lè wọ́n kó sì tún pọ́ọ́kú, ẹnu ọ̀nà téèyàn bá gbà wọlé ni. Kò sì sí ìyẹn nínú àwòrán WhatsApp kankan.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ sà, mò ń kọ iṣẹ́ àṣejáde lórí ọ̀rọ̀ yìí, olùkọ́ mi wá ní ìwé Doing Business ti kú, pé kí n má tọ́ka sí i. Kí ni kí n ṣe? — Akẹ́kọ̀ọ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, olùkọ́ ẹ ò parọ́. September 2021 ni Báńkì Àgbáyé fúnra wọn pa á tì, torí wọ́n rí i pé wọ́n ti fọwọ́ yí àwọn nọ́ńbà kan padà lọ́nà tí kò tọ́ nínú ti 2018 àti ti 2020. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni wọ́n dárúkọ: China, Saudi Arabia, Azerbaijan àti United Arab Emirates. Kò sí ti Áfíríkà nínú wọn, àmọ́ ìyẹn ò ní kéèyàn máa fi ipò 73 tàbí 117 búra.

Ohun tí mo rò ni pé kó o sọ fún olùkọ́ ẹ pé o máa lò ó gẹ́gẹ́ bí àwòrán ọdún 2019, kó o má fi to ìlú ní kìíní dé ìkẹyìn. Ìpíndọ́gba ẹ̀ ṣì ń kọ́ni lọ́gbọ́n: gúúsù Sàhárà lápapọ̀ jẹ́ 41.6% àti ọjọ́ bíi 655, àwọn ìlú olówó inú OECD jẹ́ 21.5% àti ọjọ́ bíi 590. Wò ó dáadáa, ọjọ́ wọn ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí tiwa, ìdá tí ẹjọ́ ń jẹ nínú gbèsè ló fi nǹkan bí ìlọ́po méjì jìnnà. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo pé kóòtù Áfíríkà ń falẹ̀, àwọn díẹ̀ ló ń pariwo pé ó wọ́n tá a bá fi wé gbèsè tá a fẹ́ gbà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ jù. Ìwé tuntun tó gba ipò ẹ̀, B-READY, jáde ní October 2024 pẹ̀lú orílẹ̀-èdè 50, ó ní apá kan lórí bí wọ́n ṣe ń yanjú aáwọ̀ okòwò. Wá a lọ, àmọ́ má to nọ́ńbà ẹ̀ mọ́ ti àtijọ́ nínú tábìlì kan náà, ìbéèrè tí wọ́n ń bi àwọn èèyàn ti yàtọ̀.

ÌBÉÈRÈ: Èmi ò tíì bu ọwọ́ lùwé o, ọ̀la la fẹ́ bu ú. Mo rí i pé Tansaníà jẹ́ 14.3%, Ethiópíà jẹ́ 15.2%. Ṣé a lè kọ ọ́ sínú àdéhùn pé Addis Ababa ni ká ti ṣẹjọ́ bí wàhálà bá dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà ni mo wà, tí oníbàárà wà ní Nairobi? — Oníbọ́tìnnì

ÌDÁHÙN: Ẹ mú mi rẹ́rìn-ín. Ẹ lè kọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa fi ọlọ́pàá mú yín, àmọ́ ta lẹ fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ ní Addis Ababa? Ìdájọ́ tó pọ́ọ́kú níbi tí onígbèsè ò ní ṣíbí kan sí, ìwé lásán ni.

Ibi tí ẹrù ẹ̀ wà lẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí rò ó láti ibẹ̀. Tí iṣẹ́ yẹn bá tóbi, ẹ kọ àbítíréṣọ̀n sínú ẹ̀, pé ẹnì kan tẹ́ ẹ jọ gbà ni kó gbọ́ ẹjọ́ náà dípò kóòtù. Ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ ni àdéhùn kan tí wọ́n ṣe ní New York ní 1958, ìlú tó bá wà nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ láti ìlú míì kó sì mú un ṣẹ, àfi nítorí ìdí díẹ̀ tí wọ́n kà sínú ẹ̀. Gánà wọ̀ ọ́ ní 1968, Nàìjíríà ní 1970, Kẹ́ńyà ní 1989, Rùwáńdà ní 2008. Ethiópíà tẹ́ ẹ fẹ́ sáré lọ yẹn, 2020 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ọ́. Ìdájọ́ kóòtù lásán ò ní irú ọ̀nà tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀ láàárín Èkó àti Nairobi. Òfin àbítíréṣọ̀n tiwa náà ti di tuntun láti 2023, ó tiẹ̀ gbà kí ẹlòmíì tí ọ̀rọ̀ ò kàn bá yín gbé owó ẹjọ́ kalẹ̀ kó wá gba tiẹ̀ nínú èrè, àmọ́ àwọn olówó yẹn, ẹjọ́ ńlá ni wọ́n ń wá.

Ẹni tó ń gbọ́ ẹjọ́ lẹ máa sanwó fún o, kì í ṣe ìjọba, torí náà ẹ kọ ọ́ pé ẹnì kan ṣoṣo ni, ẹ má kọ mẹ́ta. Tí iṣẹ́ bá kéré, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ gba owó tó pọ̀ sílẹ̀ ṣáájú.

Ẹ dárúkọ owó tẹ́ ẹ fẹ́ gbà, dọ́là tàbí èyíkéyìí, ẹ sì kọ iye èlé tó máa gùn ún lóṣooṣù tó bá pẹ́. Ẹ kọ ẹni tó máa san owó lọ́yà tí ẹjọ́ bá dé. Èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ mọ́ lẹ́tà ńlá ni ti àyẹ̀wò ọjà: ẹ fún oníbàárà ní ọjọ́ méje, tàbí iye tẹ́ ẹ bá fẹ́, láti yẹ bọ́tìnnì wò, kó kọ àléébù tó bá rí ránṣẹ́ pẹ̀lú fọ́tò, tí ọjọ́ yẹn bá ti kọjá kò ní ẹnu láti sọ pé ọjà ò dáa mọ́. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ sí abala yẹn lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí èyí tó máa fọwọ́ sí nísàlẹ̀ ìwé, kẹ́ ẹ sì bá a ya fọ́tò àpẹẹrẹ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ jọ gbà kẹ́ ẹ tó ṣe ẹyọ kan.